Rúlà tí Bàbá Àgbà gbẹ́ fún mi ní Kérésìmesì

Sí Olóòtú,

Mo ka ohun tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí ẹ̀bùn tó yẹ ká rà fún ọmọdé ní Kérésìmesì yìí. Kò sí ọ̀kan níbẹ̀ tí kì í lo bátìrì. Mi ò bá yín jà. Mo ti ra irú wọn fún àwọn ọmọ-ọmọ tèmi náà, inú wọn sì dùn títí di ọjọ́ kẹta. Àmọ́ ẹ kọ ọ́ pé amòye mẹ́ta ló gbé ẹ̀bùn lọ fún Jésù. Ìwé Mátíù orí 2 kò sọ iye tí wọ́n jẹ́. Ẹ̀bùn ló dárúkọ: wúrà, tùràrí àti òjíá. Àwa la fi ẹ̀bùn mẹ́ta ka èèyàn mẹ́ta.

Ní tèmi, méjì péré ni àwọn tó fún mi lẹ́bùn, Bàbá Àgbà àti Màmá Àgbà, ẹ̀bùn wọn ni mo sì fẹ́ sọ.

Ọlọ́wọ́ òsì ni mí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ bí mo bá ti dárúkọ rúlà. Apá òsì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà rẹ̀. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ìlà láti òdo, ńṣe ni mo máa ń ti pẹ́ńsù síwájú, ẹnu rẹ̀ á sì ha ìwé ya. Bí mo bá sì wọ́ ọ bọ̀ láti ọ̀tún, àfi kí n máa ṣe ìyọkúrò lórí kí n tó mọ ibi tí màá dúró. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ ọdún 8 kì í mọ̀ pé rúlà ló jẹ̀bi. Ara rẹ̀ ni yóò máa dá lẹ́bi.

Káfíńtà ni Bàbá Àgbà. Tí mo bá ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, wọ́n á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, wọ́n á dijú. Èmi rò pé wọ́n ń sùn ni.

Láàárọ̀ Kérésìmesì, wọ́n gbé nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ kan lé mi lọ́wọ́. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ni wọ́n fi wé e (ẹ má bínú). Mo tú u, mo rí igi pẹlẹbẹ. Ọmọ ilé kejì ti gba ọkọ̀ ojú irin kékeré, èyí tí wọ́n máa ń yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kó tó sáré. Mo lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo sì sunkún. Ojú ṣì ń tì mí tí mo bá rántí, nítorí ilẹ̀kùn náà kò nípọn. Màmá Àgbà gbọ́. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n ní, "Kọ́kọ́ fi fa ìlà kan ná."

Òdo wà lápá ọ̀tún! Ìṣó gbígbóná ni wọ́n fi jó àwọn nọ́ńbà náà sára igi, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, láti ọ̀tún wá sí òsì. Mo wọ́ pẹ́ńsù, ó tẹ̀lé mi wọ́ọ́rọ́wọ́.

Àpò rẹ̀ ni ẹ̀bùn Màmá Àgbà. Wọ́n gé apá ẹ̀wù wọn kan tó ti gbó, wọ́n rán ẹnu kan pa, wọ́n fi ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ṣe ẹnu kejì. Bọ́tìnnì àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti tú u, wọ́n sì tún un rán sí ibi tí ọwọ́ òsì mi á tètè rí i. Ó ń rùn káńfọ̀.

Nígbà tí a wọlé padà, olùkọ́ wa wo rúlà náà, wọ́n ní nọ́ńbà rẹ̀ kò pé. Lóòótọ́ ni: 29 ló parí sí. Wọ́n gbé tiwọn lé e, gígùn wọn dọ́gba. A wá wò ó dáadáa, àṣé ẹ̀ẹ̀mejì ni Bàbá Àgbà kọ 17. Olùkọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n ní kí n máa fi ẹyọ kan kún un tí mo bá ti kọjá ibẹ̀. Mi ò jẹ́ kí Bàbá Àgbà mọ̀. Títí di òní, ohun yòówù tí mo bá ń kà, tí mo bá dé 17, mo máa ń dúró díẹ̀.

Àpò ti ya tipẹ́, bọ́tìnnì nìkan ló ṣẹ́kù. Rúlà wà lọ́wọ́ mi, òun ni mo fi fa ìlà sábẹ́ àkọlé lẹ́tà yìí. Bí ẹ bá wọn ìlà náà, ẹ ó rí i pé sẹ̀ǹtímítà 20 ni. Lórí rúlà tèmi, 19 ni.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín láti ọjọ́ pípẹ́