Lẹ́tà sí Màmá Àgbà: Orúkọ Márùn-ún Tó Kù

Màmá Àgbà mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé lẹ́tà kì í dé ibi tí ẹ wà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ jù nínú mi, mo sì fẹ́ kó jẹ́ pé etí àwọn ẹlòmíràn náà ni n óò ti sọ ọ́.

Òní ni ọjọ́ 21 oṣù kẹfà. Mo jí láago mẹ́ta òru, mo da aṣọ òfì yín bora, èyí tí ẹ fọwọ́ ara yín ran òwú rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, mo sì gun Parliament Hill ní Lọ́ńdọ̀nù. Níbí, òní ni ojúmọ́ gùn jù lọ láàárín ọdún. Oòrùn yọ láago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú 43, ó sì máa wà lójú ọ̀run fún wákàtí 16 àti ìṣẹ́jú 38. Ní Ìsẹ́yìn lónìí kan náà, kò ju nǹkan bíi wákàtí 12 àtààbọ̀ lọ.

Igbá omi kan ni mo gbé dání, àti obì àbàtà aláwẹ́ mẹ́rin tí mo rà ní Peckham. Ìrì ti rin koríko gbingbin, ni mo bá bọ́ bàtà sílẹ̀. Lásìkò yìí oòrùn ibí kì í yọ níbi tí ojú wa mọ̀ ọ́n sí nílé. Apá àríwá ló máa ń yà sí. Ẹ̀yìn àwọn igi ló ti jáde. Òtútù ń gbọ̀n mí lọ́wọ́, omi inú igbá sì ń fọ́ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Nígbà tí omi náà rọlẹ̀, oòrùn dúró sójú rẹ̀ roboto, bí ẹ̀kán epo pupa.

Mo ní: "Olọ́jọ́ òní, ìbà o. Ìbà àkọ́dá, ìbà aṣẹ̀dá. Ilẹ̀ ògẹ́rẹ́ afọkọ́yẹrí, ìbà." Mo da omi sílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo mọ ọ́n mọ.

Ẹ rántí àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi yẹn, Màmá? Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Wọ́n ti sọ fún wa nílé ìjọsìn pé ẹni tó bá ń da omi sílẹ̀ láàárọ̀, kèfèrí ni. Ẹ ní kí n bá yín gbé igbá wá sẹ́nu ọ̀nà, mo ní mi ò gbé e. Ẹ ò bínú, ẹ ò bú mi. Ẹ dìde pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn yín yẹn, ẹ lọ gbé e fúnra yín. Láti ọjọ́ náà, ẹ ò rán mi níṣẹ́ igbá mọ́ títí ẹ fi lọ. Ẹ dárí jì mí.

Kó tó di òní, Stonehenge, ibi àtijọ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ojú mi ti là. Òkúta ńláńlá ni wọ́n tò síbẹ̀ láti bíi 4,500 ọdún sẹ́yìn, ní ọ̀nà tí oòrùn òní yóò fi yọ sí ojú ibi tí wọ́n fẹ́. Fún ọdún pípẹ́ ni ìjọba ò jẹ́ kí èrò wọ ibẹ̀ lóru yìí; ọdún 2000 ni wọ́n tó tún ṣí i sílẹ̀. Láàárín èrò rẹpẹtẹ, mo rí ìyá arúgbó òyìnbó kan tó fi ewé ṣe adé sórí. Ó ń da omi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ọwọ́ tó fi ń dà á, ọwọ́ yín ni. Mo bú sẹ́kún. Ó ní pagan, ìyẹn kèfèrí, ni òun, ojú ò tì í rárá. Irú orúkọ tí wọ́n fi bú yín ló fi ń pe ara rẹ̀.

N kò sọ pé Yorùbá ní ọdún fún ọjọ́ yìí o. Ọdún Ifá tí wọ́n ń ṣe ní Òkè Ìtasẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin mọ oòrùn. Iwájú ilé wa tó kọjú sí gúúsù lẹ máa ń sá òwú sí nígbà ọyẹ́. Tó bá ti doṣù kẹfà, ẹ ó kó o lọ sẹ́yìnkùlé. Mo rò pé òjò lẹ ń sá fún. Àṣé òjìji ilé ni! Ayé dagun, ìwọ̀n dígírì 23.4, nítorí náà lásìkò yìí oòrùn ọ̀sán máa ń ré kọjá orí wa sí àríwá, òjìji ilé á wá bọ́ síwájú. Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti kọ́ ohun tí ẹ ti fi okùn òwú wọ̀n tipẹ́.

Mo pa obì náà, mo dà á sílẹ̀. Awẹ́ méjì ṣíjú, méjì dojú dé: ó yàn. Mo jẹ awẹ́ kan, mo fi ìyókù sí ìdí igi fún yín.

Ohun kan ló kù. Tí ẹ bá ti júbà ilẹ̀ tán, ohùn yín máa ń wálẹ̀, ẹ máa ń pe orúkọ àwọn kan. Méje ni, mo máa ń kà wọ́n láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ wọn dáadáa. Bàbá mi ò mọ ọ̀kankan. Bàbá àgbà tó ṣẹ́kù nínú agbo ilé mọ méjì. Mo pe méjèèjì láàárọ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, tó bá ṣeé ṣe, ẹ fi márùn-ún yòókù ránṣẹ́ sí mi lójú àlá. N óò gbé bírò sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Èmi ni,
ọmọ-ọmọ yín.