Àkànní, jẹun kó o tó lọ gbé irin

Àkànní ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwa náà wà, bàbá ẹ ń kí ẹ. Mo rí fọ́tò tó o gbé sí status ẹ, èyí tó o bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì tó o dúró síwájú dígí ní jímù, ẹ̀rín pa mí, mo tún fi han ìyá Bùkọ́lá lójúlé kejì, àyà ẹ ti ń fẹ̀ bíi ti bàbá ẹ nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Àfi bí ẹ̀gbọ́n ẹ ṣe wá sọ fún mi pé nínú owó oúnjẹ tí mo fi ránṣẹ́, ìdajì ẹ lo fi ra páúdà pùrótíìnì inú agolo ńlá kan tí wọ́n ní ó máa ń jẹ́ kí iṣan yọ, tó fi wá jẹ́ pé gààrí lò ń mu láàárọ̀, gààrí lò ń mu lálẹ́. Mi ò bínú o. Àmọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, mi ò lè gbọ́ irú ẹ̀ kí n dákẹ́, torí náà jókòó kó o kà á tán, má kàn fi àtàǹpàkò ránṣẹ́ sí mi bó o ṣe máa ń ṣe.

Pùrótíìnì tó ò ń lé kiri yẹn, kì í ṣe torí iṣan nìkan la ṣe ń jẹ ẹ́. Hemoglobin tó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ, pùrótíìnì ni. Àwọn antibody tó ń bá àrùn jà, òun náà ni. Enzyme tó ń da oúnjẹ nínú, irun orí, èékánná, awọ ara tó máa dí padà tí nǹkan bá gé ẹ lọ́wọ́, pùrótíìnì náà ni gbogbo ẹ̀. Ọ̀rá ní ibi tí ara ń kó o pamọ́ sí, ìwọ ṣáà wo ikùn bàbá ẹ, àmọ́ pùrótíìnì ò ní irú ibẹ̀. Tí oúnjẹ ò bá gbé e wá, inú iṣan ẹ náà lara máa lọ yọ ọ́ kó lè fi ṣe àwọn iṣẹ́ tí ò ṣeé dá dúró. Ṣé o wá rí ohun tí mò ń sọ? O gbé irin nírọ̀lẹ́, o mu gààrí lálẹ́, o sùn, ara ò rí nǹkan fi tún iṣan ṣe, ó tún lè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ nínú èyí tó o ti ní tẹ́lẹ̀.

Ìwọ lò ń ka engineering, bá mi ṣírò ẹ̀. Àgbàlagbà tára ẹ̀ yá, ó kéré tán kó jẹ pùrótíìnì bíi 0.8 gíráàmù lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n. Ká ní o wọn 70 kílò, 56 gíráàmù nìyẹn, ẹni tó sì ń gbé irin kó lè ki nílò jùyẹn lọ, àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀ ń sọ bíi 1.6 fún kílò kan. Ó dáa, nínú 100 gíráàmù gààrí, pùrótíìnì tó wà níbẹ̀ ò tó gíráàmù méjì. Ìyẹn ni pé kó o tó rí 56 yẹn nínú gààrí nìkan, wàá mu tó kílò mẹ́ta lọ́jọ́ kan, ikùn wo ló fẹ́ gbà á? Àmọ́ 100 gíráàmù ẹ̀wà gbígbẹ ní bíi 23. Ẹ̀pà ní bíi 25. Ẹja títọ́ọ̀sì ń lọ sí 20, ẹyin kan ṣoṣo sì ní bíi mẹ́fà.

Mi ò bá gààrí jà o, gààrí ló tọ́ ọ̀pọ̀ wa dàgbà. Àmọ́ ẹni tó bá sọ pé ẹ̀gẹ́ nìkan lòun fẹ́ máa jẹ, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ju ebi iṣan lọ. Ẹ̀gẹ́ ní májèlé tí wọ́n ń pè ní cyanide nínú, bá a ṣe ń rin ín, tá à ń gbé e sábẹ́ òkúta kó kan, tá à ń yan án, ló ń lé èyí tó pọ̀ jù kúrò. Díẹ̀ tó bá ṣẹ́ kù, ara fúnra ẹ̀ ló máa sọ ọ́ di nǹkan tí ò léwu púpọ̀, sulphur ló sì fi ń ṣe é, inú pùrótíìnì ló ti ń rí sulphur yẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn ṣèwádìí lára àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ní àwọn ọdún 1960, àwọn èèyàn tí ẹsẹ̀ wọn ń kú tipiri, tí wọn ò lè rìn dáadáa mọ́, tójú àwọn míì nínú wọn ń ṣókùnkùn, ó sì fura sí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́ láìsí nǹkan gidi pẹ̀lú ẹ̀. Àwọn olùwádìí kan wá lẹ́yìn ẹ̀ tí wọn ò gbà pé ẹ̀gẹ́ nìkan ló fà á, mi ò fẹ́ kó ìyẹn lé ẹ lórí. Tó o bá máa mu gààrí, da ẹ̀pà sí i, wá ẹja díndín tì í.

Ẹ̀wà wá ńkọ́? Mo mọ̀ pé wàá ní oúnjẹ hostel ni, pé ó ń rùn, pé ó ń jẹ́ kí inú kún. Rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú, da omi yẹn nù, inú tó ń kún á dín kù. Kó o sì mọ̀ pé ẹ̀wà nìkan ò tó, bí búrẹ́dì nìkan náà ò ṣe tó. Amino acid ni wọ́n ń pe àwọn nǹkan tí ara fi ń to pùrótíìnì, mẹ́sàn-án wà nínú wọn tí ara ò lè dá ṣe, àfi ká jẹ ẹ́, tí ẹyọ kan bá wá tán nínú wọn, bíi bíríkìlà tí simẹ́ǹtì tán fún ni, bó ti wù kí búlọ́ọ̀kù pọ̀ tó nílẹ̀, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Methionine ló máa ń kéré nínú ẹ̀wà, lysine ló máa ń kéré nínú búrẹ́dì àti ìrẹsì, tí wọ́n bá pàdé nínú ikùn wọ́n á dí àlàfo ara wọn. Torí náà tó o bá rí oníẹ̀wà agọ̀yìn lẹ́nu géètì yín, fi búrẹ́dì jẹ ẹ́ kó o yó. Pọ̀nmọ́ tí ìwọ fẹ́ràn yẹn ní pùrótíìnì lóòótọ́, àmọ́ ọ̀kan nínú mẹ́sàn-án yẹn, tryptophan, ò sí níbẹ̀ rárá, fi jẹ ọbẹ̀ ṣùgbọ́n má kà á mọ́ ẹran.

Wò ó, mo rí àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ yìí mú lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú tó jẹ́ ògì lásán ni wọ́n ń fún un, àti pé èèrí tá a sẹ́ kúrò ti kó nínú pùrótíìnì àgbàdo lọ, ẹsẹ̀ á wú, ojú á wú, irun á máa pupa, ẹni tí ò mọ̀ á ní ọmọ yìí mà sanra o. Kwashiorkor ni. Dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, ló kọ nípa ẹ̀ láti Gold Coast, tá à ń pè ní Gánà báyìí, ní 1933. Nítòsí wa níbí, dókítà òyìnbó kan, David Morley, wá sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ní 1956, ó ń tẹ̀ lé àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé bí wọ́n ṣe ń dàgbà, ó ń wọ̀n wọ́n, ó ń kọ ọ́ sí káàdì, irú káàdì ìwọ̀n ọmọ bẹ́ẹ̀ ti wá kárí ayé. Àwọn dókítà ìsinsìnyí ní kì í ṣe àìsí pùrótíìnì nìkan ló ń fà á, pé àwọn àrùn míì tó ń ṣe ọmọ náà ń dá kún un, àmọ́ kò sẹ́ni tó ní ká máa fún ọmọ ní ògì lásán. Mo ti bá ẹ̀gbọ́n ẹ sọ ọ́ torí ọmọ ọwọ́ ẹ̀: ọmú nìkan títí dé oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn ìyẹn kó lọ ẹja gbígbẹ àti ẹ̀wà sóyà mọ́ ògì ọmọ, kó má sì tíì já a lẹ́nu ọmú.

Páúdà ẹ wá kù. Mi ò ní májèlé ni. Whey tí wọ́n kọ sára ẹ̀, omi tó máa ń yọ̀ kúrò lára mílíìkì tó bá dì ni, bíi omi tó ń kù nígbà táwọn ìyá Fúlàní bá fi bòmubòmu ṣe wàrà, ilé iṣẹ́ ló gbẹ ẹ́ di ìyẹ̀fun. Oúnjẹ ni. Ohun tí mo ń bá jà ni owó ẹ̀, àti pé ayédèrú pọ̀ lọ́jà, ṣé o tiẹ̀ wò ó bóyá nọ́ńbà NAFDAC wà lára ẹ̀? Jẹ èyí tó o ti rà tán, má ra òmíì. Ẹyin tútù tí wọ́n ní ẹ ń fọ́ mu ní jímù, jọ̀ọ́ fi sílẹ̀, ara ń rí púpọ̀ lò nínú ẹyin sísè ju tútù lọ, èyí tó tutù sì lè kó àrùn ìgbẹ́ gbuuru ràn ẹ́. Pùrótíìnì tó bá pọ̀ ju ohun tára nílò lọ, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló máa ń fi ṣiṣẹ́, ìtọ̀ lo máa fi tọ púpọ̀ nínú owó yẹn dànù. Ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ dáa lè gbà á. Bàbá ẹ ńkọ́, dókítà ní kó dín ẹran kù torí kíndìnrín tiẹ̀, torí náà tó o bá wálé má gbé ìmọ̀ràn jímù ka iwájú ẹ̀ o. Ìwọ náà lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò ní clinic yín, ọ̀fẹ́ ni.

Mo ti fi báàgì ránṣẹ́ nípasẹ̀ dẹ́rẹ́bà tó ń ná ọ̀nà yín. Ẹ̀wà olóyin wà níbẹ̀, ẹ̀pà wà níbẹ̀, edé àti ẹja gbígbẹ wà nínú ike, fi omi gbóná ṣan ẹja yẹn dáadáa, ó ní iyanrìn. Owó ẹyin kíréètì kan máa wọlé lọ́la. Má pín gbogbo ẹ̀ fún àwọn ará room ẹ, mo mọ̀ ẹ́. Tó o bá ti gbà á, pè mí, má tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́.

Èmi ni,
Ìyá ẹ.