Táyà Ooru Lórí Yìnyín, Táyà Yìnyín Lórí Títì Èkó

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ̀ǹda àyè díẹ̀ fún mi kí n bá àwọn ọmọ Yorùbá tó ń wa ọkọ̀ asáré sọ̀rọ̀, pàápàá àwọn tó ń gbé níbi tí yìnyín ti ń bọ́: Chicago, Minneapolis, Toronto, Jámánì, títí dé Scotland. BMW M3, Mercedes-AMG C63, Audi S4 àti Mustang GT ti pọ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa lọ́hùn-ún. Wọ́n á náwó lé ọkọ̀, wọ́n á náwó lé inṣọ́ránsì, ṣùgbọ́n tó bá ti kan táyà, wọ́n á ní kí wọ́n fún àwọn ní èyí tó bá wọ ríìmù. Ọ̀rọ̀ mi kò ju ọ̀kan lọ: ojú ọjọ́ ibi tí ẹ ti ń wakọ̀ ni kí ẹ fi yan táyà. Ẹ má fi iye tí ẹ ra ọkọ̀ yàn án, ẹ má sì fi bí ojú táyà ṣe rí gbàgùdù yàn án.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi rọ́bà bẹ̀rẹ̀. Táyà ìgbà ooru ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ asáré ń wọ̀ jáde ní ilé iṣẹ́. Rọ́bà rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ títì nígbà tí ilẹ̀ bá gbóná. Òun ló ń jẹ́ kí ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára ya kọ́nà láì fì, òun náà ló ń jẹ́ kí bírékì tètè mú. Àwọn kan rò pé kò wúlò lójú òjò. Irọ́ ni. Bí òjò bá rọ̀ tí ojú ọjọ́ sì móoru, òun ló dára jù nínú irú táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà: ti ìgbà ooru, ti ìgbà gbogbo àti ti ìgbà òtútù.

Òtútù ni ọ̀tá rẹ̀. Tí ojú ọjọ́ bá ti wálẹ̀ dé nǹkan bíi díìgírì 7 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìyẹn 45 lórí Fahrenheit tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà, rọ́bà náà á bẹ̀rẹ̀ sí í le. Kò dìgbà tí yìnyín bá bọ́. Títì lè gbẹ, oòrùn lè máa ràn, kí táyà má sì gbá ilẹ̀ mú mọ́. Ibí yìí gan-an ló ń tan àwọn èèyàn wa jẹ: ojú ọ̀run ni wọ́n ń wò bóyá yìnyín ń bọ̀, wọn kì í wo iye díìgírì tó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọkọ̀ tó jẹ́ pé táyà ẹ̀yìn ló ń wà á, bíi Mustang, ló máa ń kọ́kọ́ fi hàn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ níbi iná tó ń dá ọkọ̀ dúró ní àárọ̀ oṣù November, ìdí ọkọ̀ á yọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Tí òtútù bá wá le tó díìgírì 7 nísàlẹ̀ òdo, ọ̀rọ̀ kúrò ní yíyọ̀ nìkan. Rọ́bà táyà ìgbà ooru lè sán. Ẹ tẹjú mọ́ àárín àwọn ìṣù rọ́bà ojú rẹ̀ àti èjìká rẹ̀, níbi tí ojú táyà ti pàdé ẹ̀gbẹ́: ẹ ó rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ṣẹ́ wọ inú. Táyà bẹ́ẹ̀ ti bàjẹ́, kò sí fọ́kanáísà tó lè tún un ṣe, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ táyà ni kò sì ní san owó rẹ̀ padà, torí wọ́n ti kìlọ̀ ṣáájú. Tí ọkọ̀ yín bá ti sùn síta nínú irú òtútù yẹn pẹ̀lú táyà ìgbà ooru, ẹ má sún un rárá. Ìmọ̀ràn àwọn tó ń ṣe táyà ni pé kó kọ́kọ́ wà níbi tó móoru, ó kéré tán díìgírì 5, fún wákàtí 24, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kó tó yí.

Táyà ìgbà gbogbo ńkọ́? Orúkọ rẹ̀ ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọ̀nà méjì ló pín sí, ẹ̀gbẹ́ táyà ni ẹ ó sì ti mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Èyí tó ní M+S nìkan (ìyẹn ẹrẹ̀ àti yìnyín lédè Gẹ̀ẹ́sì), ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló fúnra rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀, nítorí bí wọ́n ṣe gé ojú rẹ̀. Kò sí ìdánwò kankan tó yege kí wọ́n tó kọ ọ́. Èyí tó ní àwòrán òkè onígóńgó mẹ́ta tí ẹyọ yìnyín kan wà láàárín rẹ̀ ti yege ìdánwò lórí yìnyín tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọdún 1999 ni àmì yìí bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ní Jámánì, láti ọjọ́ kìíní oṣù October 2024, òun nìkan ni òfin kà sí táyà ìgbà òtútù. M+S lásán kò gbani lọ́wọ́ ọlọ́pàá mọ́. Ní Quebec ní Kánádà, táyà tó ní àmì òkè yìí ti di dandan láti ọjọ́ kìíní oṣù December sí ọjọ́ 15 oṣù March. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé orí yìnyín ni wọ́n ti dán an wò. Omi tó dì gbagidi lójú títì, tó ń dán bíi dígí, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Nínú táyà ìgbà gbogbo tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ asáré, Michelin Pilot Sport All Season 4 ní àmì òkè náà. Continental ExtremeContact DWS06 Plus kò ní in, M+S ló ní. Àmọ́ Continental yẹn ní ọgbọ́n kan tó wù mí: wọ́n kọ lẹ́tà D (títì gbígbẹ), W (títì tútù) àti S (yìnyín) sí ojú táyà gan-an. Bí ó ṣe ń jẹ ni lẹ́tà ń parẹ́. Tí S bá ti lọ, ẹ gbàgbé yìnyín. Tí W bá tẹ̀ lé e, ẹ ṣọ́ra lójú òjò.

Ta ló yẹ kó ra táyà ìgbà gbogbo? Ẹni tó wà ní Maryland, Atlanta tàbí London. Ní London, òfin kò fi dandan lé táyà ìgbà òtútù, yìnyín kì í sì í pọ̀, ṣùgbọ́n alẹ́ àti àárọ̀ oṣù December sí February sábà máa ń wà nísàlẹ̀ díìgírì 7 yẹn. Táyà ìgbà gbogbo tó ní àmì òkè tó fún wọn. Ará Houston lè fi táyà ìgbà ooru ṣe ọdún yípo, tó bá lè fi ọkọ̀ sílé ní ọjọ́ bíi mélòó kan tí òtútù bá ya wọ̀lú. Ará Chicago tó ní M3 tó sì ní òun á fi táyà ìgbà gbogbo kan ṣoṣo gba gbogbo ọdún kọjá, mi ò bá a gbà. Nígbà ooru, kò ní rí adùn ọkọ̀ tó ra. Ní January, bírékì rẹ̀ kò ní mú bí ó ti yẹ. Kó ra ẹsẹ̀ méjì, mẹ́rin fún ooru, mẹ́rin fún òtútù. Owó rẹ̀ kì í tó bí èèyàn ṣe rò, torí bí ọ̀kan bá ń sinmi, kò jẹ. Ríìmù kejì ló ń gbówó.

Rọ́bà táyà ìgbà òtútù kì í le nínú òtútù, ojú rẹ̀ sì kún fún ìlà wínníwínní bí ẹni fi bíléèdì fá a. Àwọn ìlà yẹn ló ń gé yìnyín jẹ. Òun náà pín sí méjì. Michelin Pilot Alpin 5 àti Pirelli Sottozero 3 wà fún ọkọ̀ asáré. Wọ́n lè gba eré púpọ̀, wọn kì í sì í jẹ́ kí ìdarí ọkọ̀ rọ̀ jù. Bridgestone Blizzak WS90 àti Michelin X-Ice Snow gbá omi dídì mú jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ á máa ṣe bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀ lọ́wọ́ yín lórí títì gbígbẹ. Níbi tí wọ́n bá ti ń tètè ro yìnyín kúrò lójú títì bíi Chicago, ti àkọ́kọ́ ni mo fara mọ́. Ní Minneapolis tàbí Winnipeg, ẹ gba ti ìkejì.

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ pààrọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń fi méjì sí ẹ̀yìn kí ọkọ̀ ṣáà lè gbéra. Ó máa gbéra lóòótọ́, ṣùgbọ́n táyà iwájú ló ń darí ọkọ̀, òun ló sì ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ bírékì. Ẹni tó ní ọkọ̀ tí iwájú ń fà tó sì fi méjì síwájú nìkan, ìdí ọkọ̀ rẹ̀ ni yóò yí wá síwájú tó bá tẹ bírékì ní kọ́nà.

Lórí ìwọ̀n, ó dára kí táyà ìgbà òtútù dín díẹ̀ ní fífẹ̀, kí ríìmù rẹ̀ sì kéré sí i. Táyà tóóró máa ń gún yìnyín kan ilẹ̀. Èyí tó fẹ̀ á léfòó lórí rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ táyà tó ga náà ń gba ríìmù lọ́wọ́ kòtò tí yìnyín bò mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n gíga táyà lápapọ̀ kò gbọ́dọ̀ yí padà. Ẹ ṣírò rẹ̀ báyìí: nínú 245/40R18, 245 ni fífẹ̀ táyà ní mílímítà, 40 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú ìdá ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn, 18 ni ríìmù. Ẹ fi 245 lọ́nà 0.40 lọ́nà 2, ó jẹ́ 196 mílímítà. Ẹ fi ínṣì 18 ti ríìmù kún un, ìyẹn 457, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 653. Tí ẹ bá bọ́ sí 225/50R17, ẹ ó rí 657, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ó dára bẹ́ẹ̀. 225/45R17 á fún yín ní 634. Ó ti kéré jù, eré tí dáṣíbọ́ọ̀dù ń kà á sì kọjá eré tí ẹ ń sá gan-an. Fún ọkọ̀ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wà, bíi S4, gíga mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ bára mu, jíjẹ wọn náà gbọ́dọ̀ súnmọ́ra, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ tó ń pín agbára síwájú sẹ́yìn ni yóò gbà á sára. Kí ẹ tó ra ríìmù kékeré, ẹ wò ó bóyá yóò kọjá lórí bírékì. Bírékì ọkọ̀ asáré tóbi, ti seramíìkì ló tún le jù.

Lẹ́tà eré, tó ń sọ eré tó pọ̀ jù tí táyà lè gbà, wà lẹ́yìn ìwọ̀n: H jẹ́ kìlómítà 210 ní wákàtí kan, V 240, W 270, Y 300. Òfin Jámánì gbà kí ti táyà ìgbà òtútù kéré sí ti ọkọ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ lẹ iye rẹ̀ síbi tí awakọ̀ ti lè rí i.

Afẹ́fẹ́ ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Bí ojú ọjọ́ bá fi nǹkan bíi díìgírì 5 àti ààbọ̀ wálẹ̀, táyà á pàdánù psi kan, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà. Táyà tí ẹ fún ní 36 ní oṣù October nígbà tí ojú ọjọ́ wà ní 20, tí ó bá di díìgírì 15 nísàlẹ̀ òdo ní January, 30 péré ló kù, láìsí pé ó jò. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó gbéra, nígbà tí táyà kò tíì gbóná. Àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà láti ọdún 2008 ní ẹ̀rọ kékeré nínú ríìmù tó ń ka afẹ́fẹ́. Tí ríìmù kejì kò bá ní in, iná á máa tàn títí òtútù fi máa lọ, ẹ kò sì ní mọ̀ nígbà tí táyà bá ń jò lóòótọ́. Tí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀ tán, ẹ fi sípánà tó ń wọn agbára de bóòtù rẹ̀ bí ìwé ọkọ̀ ṣe sọ, kí ẹ tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Tí ojú táyà ìgbà òtútù bá sì ti jẹ dé mílímítà 4, kò ní gé yìnyín dáadáa mọ́. Mílímítà 4 yẹn gan-an ni òfin ilẹ̀ Austria béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1.6 ló tó nígbà ooru.

Ọ̀rọ̀ tó kù kan ilé. Àwọn táyà ìgbà òtútù tí àwọn ará Yúróòpù bọ́ sílẹ̀ wà nínú tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tà ní Èkó, ojú wọn sì máa ń nípọn débi tí oníbàárà á fi rò pé òun rí ọjà gidi. Ọyẹ́ ilẹ̀ Yorùbá kì í mú dé díìgírì 7. Lórí ọ̀dà tí oòrùn ti sè, rọ́bà rírọ̀ yẹn á máa mì lábẹ́ ọkọ̀, bírékì á pẹ́ kó tó mú, táyà á sì jẹ kíákíá. Ẹni tó wá gbé e sábẹ́ AMG, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò pé, tó fi ń sáré lọ sí Ìbàdàn, ikú ló ń wá. Òfin aṣọ́bodè Nàìjíríà ti ka táyà àlòkù mọ́ ọjà tí a kò gbọ́dọ̀ kó wọlé, àjọ SON tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà náà sì sọ pé táyà tó ti ju ọdún 4 lọ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é ti kọjá àkókò rẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà DOT tó wà lára táyà: 2319 ni ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà ìgbà ooru tuntun ni kí ọkọ̀ asáré wọ̀ ní Èkó, kó ní lẹ́tà eré tí ọkọ̀ béèrè.

Olóòtú, tí àyè bá wà, ẹ bá wa tẹ àwòrán òkè onígóńgó mẹ́ta náà sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà yìí, nítorí ẹni tó bá rí i lára táyà ní ọjà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé Èkó kọ́ ni wọ́n ṣe é fún.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Chicago