Ìgò ṣínáàpù ìdána ẹ ti di ewé

Ìyá Ìbejì mi àtàtà,

O kú ilé o. Àwọn ọmọ ńkọ́, bàbá wọn ńkọ́, ṣé wọ́n ti mú iná dé àbí jẹnẹrétọ̀ náà ṣì ni? Mo mọ̀ pé inú ń bí ẹ sí mi pé mi ò gbé ìpè ẹ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, jọ̀ọ́ má bínú, iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe, tí mo bá délé láàárọ̀ báyìí oorun ló kàn, Sátidé nìkan ni mo ní fún ara mi, òun náà ni mo sì fi ń lọ kọ́ nǹkan kan tí mo fẹ́ sọ fún ẹ yìí, má fi mí rẹ́rìn-ín ṣá. Òdòdó ni mò ń ṣe. Dígí ni mo fi ń ṣe é.

Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń fi ẹnu fẹ́ o. Dígí pẹlẹbẹ la máa ń gé, a ó tò ó léra, a ó wá gbé e sínú kílìn, ìyẹn ààrò oníná kan tó rí bíi dííp fìrísà, pẹ̀lú ìdérí ẹ̀ lókè, ibẹ̀ ló ti máa yọ́ mọ́ra. Sunderland tí mò ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí, ìlú dígí ni tipẹ́tipẹ́, ní nǹkan bí ọdún 674 ni wọ́n ti kó àwọn oníṣẹ́ dígí wá láti ìhà Faransé kí wọ́n wá ṣe wíńdò ṣọ́ọ̀ṣì àwọn mọ́ńkì. Àní Pyrex tí màámi tì mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, tí a ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn àfi tí àlejò bá dé, ibí ni wọ́n ti ń ṣe irú ẹ̀ láti 1922, 2007 ni ilé iṣẹ́ ẹ̀ tó kógbá sílé.

Obìnrin òyìnbó tó ń kọ́ wa ló sọ ìtàn yẹn, ó ń sọ ọ́ bíi pé àwọn nìkan ni wọ́n mọ dígí, ìwọ náà mọ̀ mí, mi ò lè dákẹ́. Mo ní mà, nílùú Ifẹ̀ níbi tí wọ́n ń pè ní Igbó Olókun, ìlẹ̀kẹ̀ dígí tí wọ́n wú níbẹ̀ lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ ọ, iṣẹ́ ọ̀rúndún 11 sí 15 ni, wọ́n sì yẹ èròjà inú ẹ̀ wò, kò jọ ti Lárúbáwá, kò jọ ti Yúróòpù, àwọn ará ibẹ̀ ló pò ó fúnra wọn. Mo tún fi ti àwọn Masaga ní Bídà lé e, tí wọ́n ń yọ́ ìgò fi ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Ẹnu yà á, ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún òun. Ó dáa náà.

Òdòdó tó wà lẹ́nu géètì yín nígbà tá a wà ní sẹ́kọ́ńdírì, hibiscus pupa yẹn tá a máa ń já fi sí irun, òun ni mo ní mo fẹ́ ṣe fún ẹ. Pẹ́tàlì márùn-ún. Nǹkan tí àwọn oníwíńdò fi ń gé dígí, èyí tó ní táyà kékeré lẹ́nu, wàá fi fa ìlà lórí dígí, á máa dún ṣíír, wàá wá fi píláyà mú un, á dá pẹ́ẹ́. Méjì méjì la máa ń to léra, torí tó bá jẹ́ ẹyọ kan, tí iná bá mú un á sún kì, etí ẹ̀ á wá máa gún bí abẹ́rẹ́. Dígí lílọ̀ náà wà tá a máa ń wọ́n sí i, èyí tó kúná dà bí èlùbọ́, èyí tí ò kúná tó bẹ́ẹ̀ dà bíi gàrí Ìjẹ̀bú, ìbomú la sì fi ń ṣe é torí tí o bá fà á símú ó lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ti àárín òdòdó tó máa ń yọ jáde yẹn, dígí yẹ́lò tín-ín-rín bíi sùpàgẹ́tì ni, mo yá a lórí iná àbẹ́là títí ó fi tẹ̀ díẹ̀, ìka mi méjì ló jóná, mi ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n lára.

Ewé ló wá dá wàhálà sílẹ̀. Ṣé o rántí ìgò ṣínáàpù aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ṣe ìdána ẹ, tí màámi rọ epo pupa sí fún mi lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀? Mi ò jù ú nù látìgbà yẹn. Mo fọ̀ ọ́ fọ̀ ọ́ kí òórùn epo tó kúrò, mo fi táwẹ̀lì wé e, mo fi òòlù lù ú, mo gé ewé méjì lára àfọ́kù ẹ̀, mo tẹ́ ẹ sábẹ́ pẹ́tàlì, gbogbo ẹ̀ wọ kílìn pọ̀. Màdáámù ti kìlọ̀ o, ó ní dígí kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń fẹ̀ nínú ooru àti bó ṣe ń sún kì tó bá ń tutù, wọ́n á kọ nọ́ńbà ẹ̀ sí i, 90 tàbí 96, wọn ò gbọ́dọ̀ pàdé, ìgò ò sì ní nọ́ńbà kankan, bí ilé iṣẹ́ bá ṣe pò ó ni. Mo ní ewé kékeré lásán, kí ló máa ṣe?

A gbé iná dé nǹkan bí 800 dìgírì, a jẹ́ kó rọra sọ̀ kalẹ̀, ó dúró wákàtí kan ní 482 kí ara ẹ̀ lè balẹ̀, a fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Mo ṣí ìdérí. Ó ti là! Ìlà náà gba ìdí ewé yípo, bí ẹni fi abẹ fà á, nígbà tí mo gbé e, ewé kan bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ewé yẹn gan-an tún hu funfun lójú, bí ojúgun ọmọ tí ò fi ìpara nígbà ọyẹ́. Mo jókòó síbẹ̀, mo sunkún díẹ̀, kì í ṣe torí òdòdó nìkan, ìwọ náà mọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mo tún un ṣe. Pẹ́tàlì lọ lọ́tọ̀, mo tún dá a padà sí kílìn lórí móòdù kan kó lè tẹ̀ kó rí bí òdòdó gidi, ewé ìgò náà lọ lọ́tọ̀, èmi ò jẹ́ kí wọ́n tún jọ rí iná mọ́. Wáyà bàbà ni mo fi so wọ́n pọ̀. Mo rò pé ó tiẹ̀ wù mí ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí ewé ń mì díẹ̀ tí o bá gbé e.

Àbúrò ọkọ mi ń bọ̀ nílé níparí oṣù, òun ló máa gbé e wá, ańkárá mẹ́ta ni mo fi wé e, ańkárá náà tìẹ ni. Jọ̀ọ́ má jẹ́ kí Táíwò tú u o, Kẹ́hìndé ni kó tú u, òun ló ní sùúrù. Gbé e sẹ́bàá wíńdò kí oòrùn máa gba inú ẹ̀ kọjá.

Tí o bá dé ọ̀dọ̀ màámi, wo ẹ̀yìn kíṣìnnì, àwọn ìgò oògùn aláwọ̀ búlúù àtijọ́ kan wà níbẹ̀, bá mi kó méjì fún un kó mú bọ̀, kí wọ́n jẹ́ irú kan náà o, má ṣe da méjì tí ò jọra pọ̀ fún mi. Àti èlùbọ́. Èlùbọ́ tá a fi ń ro àmàlà ni mo wí.

Èmi ni tìẹ,
Àdùkẹ́