Màmá, ẹ má wá ní oṣù kìíní

Màmá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ara Bàbá ńkọ́? Mo gbọ́ ohùn yín lórí WhatsApp pé ẹ fẹ́ wá kí mi ní Chamonix ńbí, nílẹ̀ Faransé, ní oṣù kìíní, inú mi dùn títí omi fi bọ́ lójú mi, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá nígbà yẹn, torí ẹ̀jẹ̀ ríru yín ni, tansiyọ́n yẹn.

Ọjọ́ Sunday tó kọjá, àwa tá a jọ ń fọ abọ́ ní òtẹ́ẹ̀lì lọ sórí òkè Aiguille du Midi, mítà 3,842 ni, àpótí kan tó ń rìn lórí wáyà ló gbé wa lọ, bíi ogún ìṣẹ́jú péré la lò, ṣé ẹ mọ̀ pé Kétu wa ò tó mítà 200. Mi ò tíì gun àtẹ̀gùn mẹ́wàá tí àyà mi fi ń lù kìkìkì bí ẹni sáré láti ẹnubodè Àkàbà Ìdẹ̀nà ní Kétu dé ọjà, mo wo èékánná mi, ó dà bí èyí tí wọ́n rẹ sínú aró. Èmi ọmọ ọdún 28 o!

Nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò wa ṣàlàyé fún mi pé ọ́síjìn ṣì jẹ́ 21 nínú 100 lókè yẹn, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ló fẹ́lẹ́, téèyàn bá mí sínú, ohun tó wọlé ò ju bí ìdá méjì nínú mẹ́ta tilé lọ, ìyẹn ni ọkàn fi ń sáré. Ìlú tí mò ń gbé ò ga tó bẹ́ẹ̀, mítà 1,035 ni, òtútù rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù fún yín. Òtútù máa ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, bí ìgbà téèyàn bá fọwọ́ tẹ rọ́bà omi, ọkàn á wá máa fipá ti ẹ̀jẹ̀ kọjá, tansiyọ́n á sì lọ sókè. Ọyẹ́ tó ń mú yín húkọ́ nílé yẹn, kékeré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ tibí.

Oṣù keje ni kẹ́ ẹ wá, ooru á ti dé. A ò ní gun òkè kankan, a ó jókòó nísàlẹ̀ ká máa wo yìnyín lọ́ọ̀ọ́kán. Oògùn yín, ẹ má fi ọjọ́ kan fò ó, kódà tára bá yá. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ ní kí àbúrò mi ya fọ́tò nọ́ńbà tí ẹ̀rọ bá gbé jáde, kó fi ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ náà gan-an.

Èmi ọmọ yín.