Ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ pọ́n

Àkúrẹ́

Bọ́lá mi àtàtà,

Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ̀wé yìí, ọwọ́ mi ni kò gbé e. Lọ́jọ́ ìsìnkú Ṣẹ́gun tí o pè, ẹkún ni kò jẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀.

Ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ pọ́n bí epo. A ní ibà ni. Ó lo oògùn ibà, ó lo ti táífọ́ọ̀dù, ìyá rẹ̀ lọ ra àgbo jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ní Ọjà Ọba. Nígbà tó yá, ikùn rẹ̀ wú, ó le koko bí ìlù, bẹ́ẹ̀ apá rẹ̀ ti gbẹ. Ìgbà tí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún hẹpatáítìsì B, kòkòrò àrùn tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ẹ̀dọ̀ ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ọsibítù mẹ́ta ló ti dé ṣáájú o! Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe àyẹ̀wò náà. Ó ń dùn mí, torí oògùn ojoojúmọ́ wà tó ń ká kòkòrò náà lọ́wọ́ kò.

Mo lọ ṣe tèmi. Wọ́n gún mi níka, wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ sórí nǹkan pẹlẹbẹ funfun kan bíi ti àyẹ̀wò oyún. Ìṣẹ́jú 15, n kò gbójú kúrò níbẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ló jáde. Nọ́ọ̀sì ní n kò ní i. Mo bú sẹ́kún. Mo ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́, ó ku méjì.

Ọdún 2004 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi abẹ́rẹ́ yìí kún ti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní Nàìjíríà. Àwa tí wọ́n ti bí ṣáájú ńkọ́? Kòkòrò yìí lè wà lára èèyàn fún ogún ọdún láìfọhùn. Ìyá lè kó o ran ọmọ lọ́jọ́ ìbí, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ọmọ gba abẹ́rẹ́ láàárín wákàtí 24. Bí wọ́n ṣe ń yẹ aláboyún wò fún HIV, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ìjọba mú eléyìí, fún gbogbo ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ tẹ ọsibítù, tọkùnrin tobìnrin.

Táyọ̀ ti wọ yunifásítì, FUTA. Ìjì ṣí òrùlé ìsọ̀ Màmá, a ti tún un kàn.

Bọ́lá, ọ̀rọ̀ Dáre ni. Abẹ kan náà ni òun àti Ṣẹ́gun fi ń fárùngbọ̀n nígbà tí wọ́n jọ ń gbé ní Ìjòkà. Mo ti bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta kó lọ ṣe àyẹ̀wò. Ó ní ara òun le. Ṣẹ́gun náà ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù lóṣù tí ojú rẹ̀ pọ́n. Tìẹ nìkan ni àbúrò rẹ máa ń gbọ́. Jọ̀ọ́, pè é lónìí. Sọ fún un pé èmi ni máa bá a lọ, èmi ni máa sanwó. Kí ìwọ náà ṣe tìẹ níbẹ̀ yẹn.

Èmi ni,
Fúnkẹ́