Òkú 9,500, ìbọn 492

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Mo ka àpilẹ̀kọ yín lórí Ogun Àgbáyé Kejì, níbi tí òǹkọ̀wé yín ti ní àwọn Jámánì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ajàjàgbara inú igbó ní Bẹ̀lárúùsì. Iṣẹ́ yíyẹ ìwé ìṣirò wò ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n bá ka iye fún mi, ẹ̀rí rẹ̀ ni mo máa ń bèèrè.

Ẹ wo iṣẹ́ ogun kan tí àwọn Jámánì fi gbógun ti àwọn ajàjàgbara náà, tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Cottbus, lóṣù karùn-ún sí oṣù kẹfà ọdún 1943. Iṣẹ́ náà ò tíì parí tí àwọn fúnra wọn ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ti pa ọ̀tá 4,500, pẹ̀lú 5,000 mìíràn tí àwọn kàn fura sí. Ìbọn mélòó ni wọ́n rí gbà? 492. Ọmọ Jámánì mélòó ló kú? 59. Irú ogun wo nìyẹn? Wilhelm Kube, aláṣẹ wọn ní Minsk, olú ìlú Bẹ̀lárúùsì, kọ ọ́ sí ọ̀gá rẹ̀ pé ìṣirò yìí fi hàn pé àgbẹ̀ pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní ọ̀tá, àti pé obìnrin pẹ̀lú ọmọdé pọ̀ nínú àwọn afurasí. Kube kì í ṣe èèyàn rere o, ó lọ́wọ́ nínú pípa àwọn Júù. Ṣùgbọ́n ó mọ ìṣirò.

N kò sọ pé kò sí ajàjàgbara. Wọ́n wà, wọ́n sì ń ba ojú irin jẹ́. Ará abúlé ni kò ríbi sá sí: lóru, àwọn ti inú igbó á wá gba oúnjẹ, bílẹ̀ bá mọ́, àwọn Jámánì á dé, wọ́n á ní ta ló fún wọn jẹ.

Ní Khatyn, abúlé kan ní Bẹ̀lárúùsì, lọ́jọ́ 22 oṣù kẹta ọdún yẹn kan náà, àwọn ajàjàgbara pa ọ̀gá ọlọ́pàá Jámánì kan nítòsí, Hans Woellke, ẹni tó gba góòlù níbi jíju òkò irin ní Òlíńpíìkì 1936. Àwọn ará Khatyn ni wọ́n fi gbẹ̀san. Wọ́n kó wọn sínú abà, wọ́n ti iná bọ̀ ọ́, ẹni tó bá sì já jáde, wọ́n á yìnbọn lù ú. Èèyàn 149 ló kú, ọmọdé 75 nínú wọn. Alágbẹ̀dẹ abúlé náà yè é. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún gbólóhùn yẹn ṣe nínú ìwé ìròyìn tó ń bọ̀, kí ẹ sì kọ iye ìbọn tì í.

Èmi ni tiyín,
Ayẹ̀wé-ìṣirò-wò tó ti fẹ̀yìn tì